Ọmọ Tó Fi Fídíò Dá Bàbá Rẹ̀ Dọ̀bálẹ̀

Jọ̀ọ́, má tíì fi ìwé yìí pọ́n ẹ̀pà. Ẹ̀pà náà lè dúró díẹ̀. Kọ́kọ́ ka ìtàn òpè kan tó ń gbé Olódò, kó o lè rí bí ẹ̀dá ṣe ń gbọ́n títí tí yóò fi di òmùgọ̀.

Fọlájìmí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya fídíò ìnáwó, kó gé e, kó tò ó, kó fi orin sí i. Ìgbéyàwó o, ìkómọ o, òkú o, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe. Ó sì mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ìyàwó kan bá burẹ́wà débi pé adìẹ ń sá wọgbó tó bá ti rí i, Fọlájìmí á tún ojú rẹ̀ ṣe títí ọkọ fi máa béèrè pé ta ni wọ́n fẹ́ fún òun. Bí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó bá ja ìjà ẹran, tí wọ́n fa ẹ̀wù ara wọn ya, á yọ ìjà náà kúrò, á fi ẹ̀rín dí ojú ihò rẹ̀. Ẹni tó bá wo fídíò náà á rò pé ọ̀run ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ọ̀hún.

Bó ṣe ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó wá rò pé òun lè tún ayé ṣe. Ìgbéraga rẹ̀ ga ju òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Bó bá fẹ́ lọ sí Ẹgbẹ́da, imú rẹ̀ ti máa ń débẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílé.

Ṣé kèfèrí ni? Rárá o. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú Ìrókò ni. Wọ́n rì í bọmi nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Omi náà gbẹ lára rẹ̀ kó tó délé.

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Màmá Gbọ́njúbọ́lá, ṣàìsàn ní Ìrókò. Ọjọ́ Àìkú kan ni àìsàn náà gbé ọwọ́ wúwo lé e, ló bá ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ìgbà mọ́kànlá ni ìyá pè. Fọlájìmí wà ní Olódò, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ìyàwó kan báyìí, ó sì ti pa fóònù rẹ̀, nítorí ó ní ariwo kì í jẹ́ kí òun rí ọgbọ́n inú. Nígbà tó fi tan fóònù, ìyá ti dákẹ́.

Ọmọ gidi ì bá ká ọwọ́ lérí. Òpè yìí gbé kámẹ́rà lọ síbi sàréè. Àwọn èèyàn ń sunkún, òun ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa. Wọ́n ní kó wá da erùpẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yà á tán.

Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Josiah lorúkọ bàbá náà. Tíṣà ni nígbà kan, ó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn báyìí, ó sì ti jẹ́ díákónì fún ọdún méjìlélógún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ kùkùté, á kọ́kọ́ bẹ kùkùté kó tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó sọ̀rọ̀ sókè lójú gbogbo ayé.

Ó ní, "Fọlájìmí, nígbà tí ìyá rẹ ń pè ọ́, ojú ìyàwó oníyàwó lò ń tún ṣe. Òkú rẹ̀ lo wá rí àyè wò."

Ọ̀rọ̀ náà ta Fọlájìmí bí ìgbà tí wọ́n fi ata rodo ra ojú ọgbẹ́. Kí ló dé tó fi ta á bẹ́ẹ̀? Nítorí pé òótọ́ ni. Irọ́ kì í ta èèyàn tó báyẹn.

Ó kúrò ní Ìrókò lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Kò sunkún ìyá rẹ̀. Kò fèsì fún bàbá rẹ̀. Ìbànújẹ́ jókòó sí àyà rẹ̀ bí ọlọ, ó sì ń rìn káàkiri Olódò bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ní àkókò yẹn ni aránṣọ kan tó ń jẹ́ Kifayah wá bá a. Ọkọ Kifayah ló kú. Obìnrin náà kó àwọn fídíò kéékèèké tó wà nínú fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí Fọlájìmí bá òun tò wọ́n pọ̀. Ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń yan èyí tí wọ́n máa fi sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Èyí tó fi parí rẹ̀ ni ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń fa àgbò ọdún Iléyá kan, tí àgbò náà ń fa òun náà padà.

Kifayah nujú, ó ní, "Alihamudulilahi. Mo ti lè pe orúkọ ẹ̀ báyìí láìjẹ́ pé ọ̀fun mi dí. Ọlọ́run á san yín lẹ́san, Bùọ̀dá Fọlájìmí."

Mi ò bá Kifayah wí. Fídíò tirẹ̀ dáa. Òótọ́ ló kó sínú rẹ̀, òótọ́ náà ló wò lójú, ló bá rí ara gbà. Ṣùgbọ́n òpè tiwa wo gbogbo rẹ̀, kò rí òótọ́ níbẹ̀. Ó rò pé inú kọ̀ǹpútà ni ìtura wà, bí ìgbà tí omi tútù wà nínú fíríìjì. Ó ní, "Èmi náà á ṣe tèmi."

Wá wo ohun tó ṣe!

Lọ́jọ́ òkú ìyá rẹ̀, Bàbá Josiah ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ẹbí ìyàwó rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fún òun ní ọmọ wọn gbé fún ọdún mọ́kànlélógójì. Bí àṣà ṣe rí nìyẹn. Fọlájìmí yà á. Ó wá mú ibi tí bàbá ti dọ̀bálẹ̀ yẹn, ó gé àwọn àna kúrò. Ó gbé àga onírọ̀gbọ̀kú kan sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ya ara rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sí ipò àwọn àna. Ẹ gbà mí! Bàbá dọ̀bálẹ̀, ọmọ jókòó. Bàbá na gbọọrọ sórí ilẹ̀, ọmọ ń mi orí bí ọba tó yó.

Ó kù kí bàbá sọ̀rọ̀. Fọlájìmí tú gbogbo fídíò Ìkórè àti ìpàdé tó ti yà ní ìjọ wọn láti ọdún mẹ́fà. Ó rí ibi tí bàbá ti pẹ́ dé ìpàdé, tó ń bẹ gbogbo ìjọ pé, "Ẹ dárí jì mí, òjò ló dá mi dúró." Ó mú "Ẹ dárí jì mí," ó sọ òjò nù. Ó rí ibi tí bàbá ti ń kọ́ àwọn àgbà nípa ọmọ onínàákúnàá, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà pé, "Mo ti ṣẹ̀." Ó gé ìyẹn náà. Ó rí ibi tí bàbá ti ń gbàdúrà fún un lórúkọ, pé kí Ọlọ́run ṣọ́ Fọlájìmí ní Olódò. Ó mú orúkọ, ó da àdúrà nù.

Ó wá lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀: "Fọlájìmí, mo ti ṣẹ̀. Ẹ dárí jì mí." Bàbá ń sọ "ẹ" fún ọmọ bíbí inú rẹ̀! Bí ewúrẹ́ bá rí i, á bú sẹ́kún.

Láràárọ̀ ló máa ń wo fídíò náà kó tó fọ ẹnu. Bí àwọn kan ṣe ń dìde sí Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ló ń dìde sí i. Ó ní ara ń tu òun. Irọ́ ni! Ẹni tó ń fi omi iyọ̀ pa òǹgbẹ, ṣé òǹgbẹ rẹ̀ ń kú ni? Bó ṣe ń wò ó ni inú rẹ̀ ń le sí i. Bí Múyì, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá wọn, bá pè é pé bàbá ń béèrè rẹ̀, á ní, "Sọ fún wọn pé mo ti dárí jì wọ́n." Ta ló bẹ̀ ọ́, aláfojúdi? Ó dárí ji ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́, lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́.

Àṣírí kì í gbé inú kọ̀ǹpútà títí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Fọlájìmí fẹ́ gbé fídíò ìgbéyàwó kan sí ojú Wáàsáàpù rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ti lè rí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ó ti máa ń kọ "Èyí tó parí" sára gbogbo iṣẹ́ tó bá ti ṣe tán. Ó ti kọ ọ́ sára fídíò bàbá rẹ̀ náà. Ìkánjú ń ṣe é, ó fẹ́ lọ ya ìkómọ kan ní Ẹgbẹ́da. Ó tẹ èyí tí ìka rẹ̀ bá, ó pa fóònù, ó bọ́ sínú mọ́tò.

Ó tún pa fóònù! Fóònù tó pa nígbà tí ìyá rẹ̀ ń pè é náà ni!

Kó tó di ọ̀sán, fídíò náà ti wọ Ìrókò. Ó wọ ìlú, ó wọ oko. Àwọn tó ń hú ẹ̀gẹ́ fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ti fọ́jú láti ọdún mẹ́ta ní kí wọ́n gbé e súnmọ́ òun, ojú rẹ̀ sì là fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí Fọlájìmí fi tan fóònù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọ́rí mú fóònù náà fúnra rẹ̀. Ó pa fídíò rẹ́ kíá. Ẹyin ti bọ́, ó ń wá ibi tí yóò ti gbé àwo sí i.

Ó ní òun ò ní sọ nǹkan kan. Ó ní ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò rọlẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀, Múyì pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni bàbá ṣe fún yín?"

"Múyì, fara balẹ̀. Eré ni mo fi ṣe."

"Eré? Wọ́n pe bàbá sí ìpàdé àwọn díákónì lánàá. Èmi ni mo gbé omi wọlé fún wọn, etí mi ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ẹ̀, ó ti bá a mulẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè máa gbé oúnjẹ Olúwa fún èèyàn."

"Ṣùgbọ́n irọ́ ni! Mo gé e pọ̀ ni!"

"Ẹ wá sọ fún wọn. Wọ́n ní ojú àwọn làwọn fi rí i."

Ojú! Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ojú kan náà tó ń rí omi lórí títì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó o bá débẹ̀ tó jẹ́ ọ̀dà gbígbẹ. Òun ni wọ́n fi ń dájọ́.

Fọlájìmí béèrè pé, "Kí ni bàbá wá sọ?"

Múyì ní, "Wọ́n bi í pé, 'Díákónì Josiah, ṣé ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Fọlájìmí àbí ẹ ò dọ̀bálẹ̀?' Bàbá nu gíláàsì ojú wọn. Bàbá bi wọ́n pé, 'Ṣé ọmọ mi ló gbé e jáde?' Àwọn díákónì ní òun ni. Bàbá ní, 'Bí ọmọ mi bá ní mo dọ̀bálẹ̀ fún òun, a jẹ́ pé mo dọ̀bálẹ̀ fún un.'"

"Háà! Kí ló dé?"

"Èmi náà bi wọ́n nígbà tá a délé. Mo ní, 'Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àna yín lẹ dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ̀ẹ́ ṣe tí ẹ ò sọ ọ́?' Bàbá ní, 'Bí mo bá sọ ọ́, kí ni wọ́n á máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìlú yìí? Ọmọ tó dá bàbá ẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Orúkọ yẹn ò ní kúrò lára ẹ̀ títí táá fi bí ọmọ, ọmọ á tún jogún ẹ̀. Èmi ti darúgbó. Orúkọ tèmi ti ṣiṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Kí ẹ̀gàn náà wà lọ́rùn mi.' Lọ́jọ́ Àìkú yìí ni wọ́n máa ka ìwé ìyọnípò wọn síta." Múyì pa fóònù.

Fọlájìmí gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo láyé ló lè gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀, òun sì ni. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé bí òun bá jẹ́wọ́, ojú òun á wálẹ̀. Ta ló máa gbé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀?

Ṣé o mọ ohun tí òpè náà ṣe? Ó tún jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ní òun máa ṣe fídíò ẹ̀bẹ̀, òun á fi ránṣẹ́ sí ìjọ. Ọjọ́ Ẹtì ló fi ṣe é látàárọ̀ dalẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún kámẹ́rà ní ìgbà mẹ́rìndínlógún, ó yan èyí tí agbádá rẹ̀ ti balẹ̀ dáadáa. Ó mú kí fídíò náà máa falẹ̀, òun wá ń wólẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ewé tó ń já. Ó fi orin ìbànújẹ́ sí i. Ó fi òjò sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé e lọ fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olúwadọ̀tun. Káfíńtà ni Olúwadọ̀tun, ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà síra. Onígbàgbọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ.

Olúwadọ̀tun wò ó. Ó ní, "Òjò wo ló ń rọ̀ yìí? Ṣé a ò sí nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni?"

"Mo fi sí i ni."

"Omijé yìí ńkọ́?"

Fọlájìmí wo ilẹ̀.

"Omi ni?"

"Omi ni."

Olúwadọ̀tun rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí pákó tí ìṣó wà lára rẹ̀. Ó fò dìde kíá, ó fọwọ́ di ìdí mú, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Fọlájìmí ọmọ Josiah! O purọ́ mọ́ bàbá ẹ, kò tó ọ. O tún purọ́ mọ́ òjò!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀."

"Ta lò ń bẹ̀? Aṣọ ẹ lò ń fi hàn wá." Ó wá pa ẹ̀rín dé. "Jẹ́ n bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ta ló jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń ru ẹ̀gàn ẹ̀?"

"Bàbá mi."

"Ẹ̀ẹ́ ṣe?"

"Kí orúkọ mi má baà..."

"Ẹn-ẹ́n! Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún ẹ láti Sọ́ńdè Sùkúù nìyẹn, tí ò wọ̀ ọ́ létí. Jésù dúró níwájú àwọn tó ń dá A lẹ́jọ́, wọ́n bi Í, Ó dákẹ́. Ṣé ó jẹ̀bi ni? Ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ àti tèmi ló gbà sọ́rùn, kí á lè lórúkọ níwájú Ọlọ́run. Bàbá ẹ ti wà lọ́dọ̀ Ẹ̀ pẹ́, ìwà Ẹ̀ ti ràn án. Ìwọ lo jókòó sórí àga, tí ò ń retí kí wọ́n wá bẹ̀ ọ́."

"Olúwadọ̀tun, ó dùn mí ni. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ lójú sàréè dùn mí."

"Mo mọ̀. Kí lo ṣe fún ìyá ẹ?"

Fọlájìmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kó ìyẹ̀fun pákó jọ.

"Oṣù mẹ́jọ lo fi gé fídíò nítorí kó o má baà sọ ọ́. Sọ ọ́."

"Mi ò lè..."

"Sọ ọ́!"

"Ìyá mi pè mí," ni Fọlájìmí wí. "Ìyá mi pè mí, mi ò gbé e."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣubú sáàárín ìyẹ̀fun pákó. Ẹkún tó sun, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi irú rẹ̀ sí fídíò. Ikun dà, itọ́ dà, ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú rẹ̀, ó wá dà bí àkàrà tó já sínú iyanrìn. Àwọn oníbàárà tó ń kọjá dúró, wọ́n rò pé ìṣó ló gún un. Nínú ìdọ̀tí yẹn ló ti ké pe Jésù. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kan nínú àdúrà náà. Ó ní òun ló jẹ̀bi, ó ní kí Olúwa ṣàánú òun, ó ní kí Ó má jẹ́ kí òun jókòó sórí àga yẹn mọ́. Ọlọ́run tó kọ etí ikún sí àdúrà aláriwo tí kò dénú, gbọ́ ti oníkun yìí.

Nígbà tó dìde, ọlọ tó wà láyà rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ó pa fídíò méjèèjì rẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mọ́tò gbé e láti Olódò dé Òjoo, láti Òjoo dé Mọ́níyà, ọ̀kadà gbé e wọ Ìrókò. Nígbà tó wọlé, akọ̀wé ìjọ ti gbé ìwé ìyọnípò dání, ó ti wú ikọ́ ńlá kan bí ẹni tó fẹ́ ka ìwé ọba. Bàbá Josiah jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí kò jókòó sí láti ọdún méjìlélógún.

Fọlájìmí rìn dé iwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, "Ẹ má kà á. Èmi... bàbá mi ò... mo gé e ni. Ẹ̀yin àgbà, mo... ibi òkú ìyá mi ni wọ́n ti dọ̀bálẹ̀. Àwọn àna ni. Èmi ni mo fi ara mi síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ń jáde ní wúruwùru. Ó ń tún un sọ, ó ń bà á jẹ́ sí i. Kò sí ibi tó máa tẹ̀ tí yóò fi padà sẹ́yìn. Bó ṣe rí náà ló ń bọ́ sílẹ̀.

Olórí àwọn díákónì ní, "Ṣùgbọ́n ojú wa la fi rí i!"

Ìyá arúgbó kan dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Aṣọ tí Josiah wọ̀ nínú fídíò yẹn, aṣọ òkú Gbọ́njúbọ́lá ni. Èmi ni mo bá wọn rà á."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò ti sọ ọ́ láti ọjọ́rú?"

"Ṣé ẹ bi obìnrin?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ká ìwé rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń wá ibi tó máa kì í bọ̀ bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Bàbá Josiah ti dìde. Ó rìn wá síwájú díẹ̀díẹ̀, ó dúró lórí ọmọ rẹ̀.

"Dìde."

"Bàbá, mi ò lè dìde. Màámi pè mí. Wọ́n pè mí, mi ò gbé e."

Bàbá arúgbó náà kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú sàréè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò bá ọ sunkún kí n tó sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, ọmọ mi. Jẹ́ ká sun ún báyìí." Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti sunkún obìnrin náà, lójú ìjọ, láìsí orin kankan nídìí rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́?

O ti ń fi Fọlájìmí rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, òpè ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ ti gé kúrò nínú tìrẹ? O ti gé ọjọ́ tó o lu ìyàwó rẹ. O ti gé ohun tó o sọ fún ìyá rẹ tó fi gbé ẹrù kúrò nílé rẹ. O ti gé ọmọ tó o bí sí Lálùpọn tí o kò yọjú sí. Èyí tó o tún ṣe lò ń gbé fún àwọn aládùúgbò, òun lò ń gbé fún pásítọ̀, inú rẹ̀ ni ìwọ ti máa ń jókòó sórí àga, tí gbogbo ayé ń bẹ̀ ọ́. Wọ́n ń sọ pé èèyàn dáadáa ni ọ́. Ojú wọn ni wọ́n fi rí i!

Ọlọ́run kì í wo èyí tó o gé. Odindi rẹ̀ wà lọ́wọ́ Rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ títí di ìṣẹ́jú yìí, ibi tó o pa fóònù àti ibi tó o pa ojú dé. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ Ó rán Ọmọ Rẹ̀ kó wá ru ẹ̀gàn náà fún ọ. Jésù ò ní dúró dè ọ́ kó o tún ojú ara rẹ ṣe kí Ó tó gbà ọ́. Bó o ṣe rí ni kó o wá, pẹ̀lú ikun nímú.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ìyá Fọlájìmí kò rí ọ̀la. Níbi tó o wà yìí ni kó o ti tẹrí ba. Bó bá jẹ́ inú mọ́tò Mọ́níyà ni wọ́n há yín mọ́ra bí ẹja inú agolo, tí àyè àtikúnlẹ̀ kò sí, tẹ orí rẹ sí àyà rẹ, kó o sọ fún Un. Ó mọ̀ pé àyè ò sí. Ṣùgbọ́n má sọ fún Un pé ẹlòmíì ló jẹ̀bi.